Àkókò Ìsọjí: Bí A Ṣe Lè Ṣírò Ìgbà tí Kọ̀ǹpútà Àjùmọ̀lò Yóò Padà Sẹ́nu Iṣẹ́ Lẹ́yìn tí Díísìkì Rẹ̀ Bá Kún

Ìfáàrà

Ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ àti ilé-ẹ̀kọ́ gíga lóde òní, iṣẹ́ kò sí lórí kọ̀ǹpútà ẹnìkọ̀ọ̀kan mọ́. Kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò kan ni ó wà níbì kan, tí àwọn ènìyàn ń tọ̀ lọ láti orí kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tiwọn, tí ó sì ń dá wọn lóhùn. Òun ni àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní sáfà. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tí ń rántí pé ó wà. Ọjọ́ tí ó bá dákẹ́ ni gbogbo ènìyàn ń bèèrè ìbéèrè kan náà: ìgbà wo ni yóò padà?

Ìdáhùn tí a sábà máa ń gbọ́ ni "kò ní pẹ́" tàbí "ẹ fún wa ní wákàtí kan." Ìdáhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe irọ́ lọ́kàn ẹni tí ó sọ ọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìṣirò. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé àkókò tí sáfà yóò fi sọjí ṣe é ṣírò nígbà tí ó bá jẹ́ pé díísìkì tí ó kún ni ó mú un dákú. Kì í ṣe bí díísìkì náà ṣe tóbi tó nìkan ni ó ń pinnu rẹ̀. Iye iṣẹ́ tí kò tíì parí nígbà tí sáfà ṣubú, àti ọ̀nà tí a gbà wá àyè fún un, ni ó ń pinnu rẹ̀ jù. A ó sì tún rí i pé orúkọ tí a pe nǹkan lè sọ iṣẹ́ wákàtí méjì di iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ náà fi kan àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ èdè.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó lò. "Dákú" ni a yàn, a kò yan "kú", nítorí pé ẹ̀rọ tí díísìkì rẹ̀ kún kò bàjẹ́. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, ibi tí yóò mí sí ni kò sí. "Sọjí" ni a ó lò fún ìpadàbọ̀ rẹ̀. Kí ó má ṣe mú ọkàn ẹnikẹ́ni lọ sí àgọ́ àwọn ajíhìnrere. Yorùbá tún ya "fojú bù" sọ́tọ̀ sí "ṣírò". Ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà abà tí ó sọ iye iṣu tí ó wà níbẹ̀ fojú bù ú ni. Ẹni tí ó wọlé tí ó kà wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan ni ó ṣírò. Méjèèjì ni ó wúlò nínú ọ̀rọ̀ tí a ń sọ yìí, nítorí pé kì í ṣe gbogbo nǹkan ni a ó rí kà. Ibi tí ó ti ń di wàhálà ni kí a fojú bù kí a sì sọ ọ́ bí ẹni tí ó ti kà.

Ìdí tí díísìkì tí ó kún fi ń mú sáfà dákú

Ènìyàn lè rò pé bí díísìkì bá kún, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ kò ju pé a kò ní lè fi ohun tuntun kún un lọ, pé èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ yóò ṣì ṣe é kà. Ó sábà máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún fóònù tí àwòrán kún inú rẹ̀. Ti sáfà yàtọ̀, nítorí pé díẹ̀ ni ohun tí sáfà ń ṣe tí kì í kọ sílẹ̀. Ẹni tí ó kàn wá wo nǹkan lásán, sáfà á kọ ìgbà tí ó dé àti ohun tí ó bèèrè. Èyí tí ó le jù ni ti sáfà tí ó ń tọ́jú àkójọ ìsọfúnni, irú bí èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó àwọn oníbàárà ilé ìfowópamọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi alájọ ṣe àpèjúwe. Alájọ tí ó ń lọ láti ìsọ̀ dé ìsọ̀ kì í gbé ìwé ńlá rẹ̀ káàkiri ọjà. Ìwé pélébé kan ni ó máa ń mú dání. Bí ó bá ti gba owó, á kọ ọ́ sínú ìwé pélébé náà kí ó tó kúrò níwájú ìyálọ́jà tí ó san án. Bí ó bá délé ní alẹ́, á da gbogbo rẹ̀ kọ sínú ìwé ńlá, sí ojú-ewé oníkálukú, á sì fa ìlà sábẹ́ ibi tí ó kọ dé nínú ìwé pélébé. (Alájọ tiwa yìí kì í ṣe alájọ Ṣómólú tí àwọn ènìyàn fi ń pòwe pé ó gba àjọ fún ọdún mẹ́ta láìkọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.) Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àkójọ ìsọfúnni ń ṣe. Kí ó tó fọwọ́ kan ìwé ńlá, yóò ti kọ ohun tí ó fẹ́ ṣe sínú ìwé pélébé; ìgbà tí ó bá dá a lójú pé ó ti wà níbẹ̀ ni yóò tó sọ fún oníbàárà pé "mo ti gbà á." A ó máa pe ìwé pélébé yìí ní ìwé àkọṣáájú, nítorí pé ṣáájú ni a ń kọ ọ́.

Ká wá ní ojú-ewé tán nínú ìwé pélébé náà ní àárín ọjà. Alájọ tí ó jẹ́ olóòótọ́ kò ní gba owó mọ́. PostgreSQL, ọ̀kan nínú àwọn ètò àkójọ ìsọfúnni tí a ń lò jù lágbàáyé, ń ṣe bẹ́ẹ̀: bí díísìkì tí ìwé àkọṣáájú rẹ̀ wà bá kún, ó lè dá iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Kò sí iṣẹ́ tí ó ti sọ pé òun parí tí yóò sọnù, ṣùgbọ́n kò ní dìde títí a ó fi wá àyè fún un. Lójú tiwa, ìwà rere ni ìdákú bẹ́ẹ̀. Ó sàn kí alájọ jókòó ju kí ó máa gba owó tí kò rí ibi kọ sí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Toyota ní ọdún 2023

Àpẹẹrẹ kan wà láti ilẹ̀ Jàpáànù tí ó yẹ kí a yẹ̀ wò fínnífínní. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ṣe ìtọ́jú tí wọ́n máa ń ṣe déédéé fún àwọn sáfà tí ó ń darí ìbéèrè fún ẹ̀yà ara ọkọ̀. Wọ́n ń pa ìsọfúnni tí ó ti pọ̀ jọ rẹ́, wọ́n sì ń tún ìyókù tò, nígbà tí àyè díísìkì kò tó mọ́, tí ètò náà sì dúró. Ẹ kíyè sí i pé ìgbà tí wọ́n ń gbálẹ̀ gan-an ni ilẹ̀ kún. Èyí kò yani lẹ́nu. Ẹni tí ó fẹ́ tún yàrá tí ó kún fọ́fọ́ tò ní láti rí ìta tí yóò kó ẹrù sí ná, àtúntò àkójọ ìsọfúnni pẹ̀lú sì máa ń gba àyè púpọ̀ kí ó tó dá àyè sílẹ̀.

Wọ́n ní ìrọ́pò, èyíinì ni sáfà kejì tí ó yẹ kí ó gba iṣẹ́ bí àkọ́kọ́ bá ṣubú. Ṣùgbọ́n orí ètò kan náà ni méjèèjì wà. Ohun tí ó ṣe àkọ́kọ́ ni ó ṣe èkejì, kò sì ṣeé ṣe láti bọ́ sí orí rẹ̀. Ọjọ́ 28 ni àìṣedéédéé náà hàn. Ní ọjọ́ 29, iṣẹ́ dúró ní gbogbo ilé ìtọkọ̀pọ̀ 14 tí Toyota ní ní Jàpáànù, tí ó ní ìlà ìtòpọ̀ 28. Ní ọjọ́ náà ni wọ́n kó ìsọfúnni náà lọ sórí sáfà tí àyè rẹ̀ tóbi jù ú lọ, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ padà ní ọjọ́ kejì. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ náà ṣe àlàyé ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, ó sọ pé kì í ṣe àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó fà á. Àwọn ènìyàn ti ń fura bẹ́ẹ̀, nítorí pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ sí ọ̀kan nínú àwọn tí ń pèsè ẹ̀yà ara ọkọ̀ fún wọn ti dá ilé ìtọkọ̀pọ̀ 14 náà dúró rí ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2022.

Fún ẹni tí ó ń ṣírò àkókò ìsọjí, ẹ̀kọ́ pàtàkì wà níbí. Ẹni tí ó bá gbọ́kàn lé ìrọ́pò yóò sọ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ni iṣẹ́ yóò fi padà. Ìbéèrè tí ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ ni pé: ṣé ohun tí ó mú ẹ̀rọ àkọ́kọ́ dákú kò sí lára ìkejì? Ìrọ́pò tí ń tún gbogbo ohun tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá ṣe ṣe yóò kún bí òun náà ṣe kún. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí a yọ ìrọ́pò kúrò nínú ìṣirò pátápátá, kí a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka wákàtí tí ìsọfúnni yóò fi rìn láti ibì kan dé ibòmíràn.

Ìṣirò náà

Ohun àkọ́kọ́ ni wíwá àyè. Bí a bá rí ohun tí kò wúlò mọ́ tí a lè pa rẹ́, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìdẹkùn wà níbẹ̀. Lórí ètò Linux, bí a bá pa fáìlì kan rẹ́ nígbà tí ètò mìíràn ṣì ṣí i sílẹ̀, orúkọ fáìlì náà yóò parẹ́ ṣùgbọ́n àyè tí ó gbà kò ní yọ. Ó dà bí ayálégbé tí onílé ti fa orúkọ rẹ̀ yọ nínú ìwé, tí òun fúnra rẹ̀ ṣì sùn sínú yàrá. Àwọn kan ti pa ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi pamọ́ rẹ́ nítorí pé àkọ́kọ́ tí wọ́n pa rẹ́ kò "ṣiṣẹ́". Ní ọwọ́ kejì, irú ìpamọ́ fáìlì tí a mọ̀ sí ext4 máa ń fi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún àyè sílẹ̀ fún alákòóso nìkan, bí kò bá jẹ́ pé ẹnì kan yí i padà. Lórí díísìkì gígábáìtì 1,000, gígábáìtì 50 nìyẹn. Ó sì ti kó ọ̀pọ̀ ènìyàn yọ.

Kì í ṣe ìtóbi nìkan ni ó ń kún ibi ìpamọ́. Iye fáìlì pẹ̀lú lè ṣe é. Ọkọ̀ aládàáṣiṣẹ́ Spirit tí àjọ NASA ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà gbé gúnlẹ̀ sórí pílánẹ́ẹ̀tì Mars ní oṣù kìíní ọdún 2004 bẹ̀rẹ̀ wàhálà ní ọjọ́ 21 oṣù náà. Fáìlì ti pọ̀ jù níbi ìpamọ́ rẹ̀, débi pé títo orúkọ wọn nìkan gbà ju àyè ìrántí tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní lọ. Bí ó bá ti ń jí ni ó tún ń dákú, ó ju ìgbà 60 lọ. Ọjọ́ 6 oṣù kejì ni wọ́n tó nu ibi ìpamọ́ náà mọ́ tónítóní. Ẹni tí ó bá ń tan sáfà tí ó kún, tí ó ń pa á, tí ó tún ń tàn án, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kí ó má ka àkókò yẹn mọ́ àkókò ìsọjí.

Lẹ́yìn tí àyè bá wà, ẹ̀rọ yóò yẹ ara rẹ̀ wò. Èyí kò gba àkókò púpọ̀ mọ́. Kí irú ìpamọ́ fáìlì tí ó ní ìwé àkọṣáájú tirẹ̀ tó wọ Linux ní ọdún 2001, yíyẹ díísìkì ńlá wò lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí.

Àkójọ ìsọfúnni wá ní láti ka ìwé àkọṣáájú rẹ̀ láti ibi tí ó fa ìlà sí kẹ́yìn. Alájọ tí ó dákú ní ọ̀sán, tí ó fa ìlà rẹ̀ ní alẹ́ àná, iṣẹ́ àárọ̀ nìkan ni yóò dà kọ. Èyí tí kò fa ìlà fún oṣù kan ní iṣẹ́ oṣù kan níwájú. Bí a bá gba PostgreSQL lẹ́yìn tí a kò yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún ni ó ń fa ìlà, tàbí kí ó tó bẹ́ẹ̀ bí ohun tí ó kọ bá ti pọ̀ jù. Àwọn alákòóso tí iṣẹ́ wọn pọ̀ máa ń mú ìlà náà jìnnà síra kí ẹ̀rọ lè yára. Ìsọjí ni wọ́n fi ń san gbèsè ìyára yẹn. Ká ní gígábáìtì 40 ni ó wà lẹ́yìn ìlà, tí a sì ti dán ẹ̀rọ náà wò tẹ́lẹ̀ pé ó ń ka mẹ́gábáìtì 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá 800 ni yóò gbà, èyíinì ni ìṣẹ́jú 13 àti díẹ̀. Bí a kò bá dán an wò tẹ́lẹ̀, ìfojúbù ni, kí a sì sọ pé ìfojúbù ni.

Nígbà tí ó bá wá di dandan kí a kó ìsọfúnni lọ sí ibòmíràn bí ti Toyota, ọ̀nà tí yóò gbà rìn ni ó ṣe pàtàkì jù. Ká ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá kan ní gígábáìtì 600 ohùn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn apohùn: ìjálá, ẹ̀sà egúngún, ẹkún ìyàwó. Bí a bá kó o láti díísìkì kan sí òmíràn ní mẹ́gábáìtì 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 40 ni. Bí ó bá jẹ́ okùn USB àtijọ́ tí ń gbé mẹ́gábáìtì 30, yóò lé ní wákàtí 5 àbọ̀. Bí àdàkọ rẹ̀ bá jẹ́ òkè òkun ni ó wà, tí íntánẹ́ẹ̀tì wa kò sì lè gbé ju mẹ́gábáìtì kan àti ìdámẹ́rin lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ọjọ́ 5 àti wákàtí 13 ni, bí iná kò bá lọ. Ẹrù kan náà ni, ọ̀nà ni ó yàtọ̀. Bí ohùn náà bá sì wà ní fáìlì kéékèèké ẹgbẹẹgbẹ̀rún, yóò tún pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé fáìlì kọ̀ọ̀kan ni a ó ṣí tí a ó tún dé. Àwọn tí ń sáré nínú irú ọ̀rọ̀ báyìí kí wọ́n rántí pé ọ̀pọ̀ apohùn tí ohùn wọn wà níbẹ̀ ti di ẹni ilẹ̀. Kò sí ibi tí a ó ti tún un gbà.

Apá tí àwọn oníṣirò máa ń gbàgbé ni èrò tí ó ti tò sílẹ̀. Ọjọ́ tí sáfà bá jí kọ́ ni ó ń bọ́ lọ́wọ́ ìdákú. Ká ní ìbéèrè 60 ni ó ń dé ní ìṣẹ́jú kan, tí agbára sáfà náà sì jẹ́ 90. Bí ó bá dákẹ́ fún wákàtí 4, ìbéèrè 14,400 ni yóò ti dúró dè é. Nígbà tí ó bá jí, èrò tuntun kò ní dá ẹsẹ̀ dúró. Nínú agbára 90 rẹ̀, 60 yóò bá tàwọn tí ń bọ̀ lọ, 30 péré ni yóò kù fún àwọn tí ó ti tò. Yóò gba ìṣẹ́jú 480, èyíinì ni wákàtí 8, kí ìlà náà tó tán. Ìlọ́po méjì àkókò tí ó fi dákú nìyẹn. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ 60 gẹ́lẹ́, ìlà náà kò ní tán láé. Nítorí náà, "ó ti padà" àti "ó ti bọ̀ sípò" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, ó sì yẹ kí ẹni tí ń bá aráàlú sọ̀rọ̀ yà wọ́n sọ́tọ̀.

Bí a bá ti ka ìkọ̀ọ̀kan báyìí, kí a pa wọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: lẹ́ẹ̀kan bí gbogbo nǹkan bá lọ déédéé, lẹ́ẹ̀kejì bí èyí tí kò dá wa lójú jù nínú wọn bá gba ìlọ́po mẹ́ta. Nọ́ńbà méjèèjì ni kí a sọ fún àwọn tí ń dúró. "Láàrin wákàtí 2 sí 5, a ó tún bá yín sọ̀rọ̀ ní aago 11" kò dùn létí bí "kò ní pẹ́," ṣùgbọ́n ẹni tí ó gbọ́ ọ lè fi pinnu bóyá kí òun dúró tàbí kí òun lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ nípa orúkọ

Títí di ọdún 2017, pg_xlog ni orúkọ àpò tí PostgreSQL ń kó ìwé àkọṣáájú rẹ̀ sí. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà, "log" tí ó parí orúkọ náà ni a tún ń pe ìwé tí sáfà ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí, èyí tí kò sí ewu ńlá nínú pípa àtijọ́ rẹ̀ rẹ́ bí àyè bá há. Ẹ wo ẹni tí wọ́n jí ní aago méjì òru nítorí pé díísìkì kún. Ó rí àpò kan tí ó tóbi gan-an, ó rí "log" lára orúkọ rẹ̀, ó pa gbogbo ohun tí ó wà níbẹ̀ rẹ́. Àyè yọ lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí ó tan àkójọ ìsọfúnni, kò dìde, nítorí pé ìwé pélébé alájọ ni ó fà ya. Ìdákú tí ì bá gba ìdajì wákàtí ti di pé kí a lọ wá àdàkọ tó kẹ́yìn, bí ó bá wà. Ohun tí a sì ti ṣe láti ìgbà àdàkọ náà ti lọ.

Ìṣìṣe yìí ṣẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ó ni ètò náà fi yí orúkọ rẹ̀ padà. Nínú ẹ̀dà kẹwàá tí ó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2017, pg_xlog di pg_wal. Wọ́n tún yí pg_clog, tí òun náà ní "log" lára, sí pg_xact. Iṣẹ́ tí àwọn àpò náà ń ṣe kò yí padà. Wọ́n mọ̀ pé ìyípadà náà yóò da àwọn ètò kan tí ó ti mọ orúkọ àtijọ́ rú, wọ́n sì ṣe é bẹ́ẹ̀.

Àwa tí a ń wá ọ̀rọ̀-ìperí fún irú iṣẹ́ yìí ní Yorùbá kò gbọdọ̀ gbé àṣìṣe tí àwọn tí ó ni ín ti jù nù wọlé. "Àkọsílẹ̀" ni ọwọ́ máa ń kọ́kọ́ nà sí fún méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí a fi "ìwé ìṣẹ̀lẹ̀" pe èyí tí a lè gbá dànù, kí a sì fi "ìwé àkọṣáájú" pe èyí tí ìsọjí dúró lé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìrọ́pò àti àdàkọ, tí àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè. Ìrọ́pò ń ṣe ohun tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ ń ṣe nísinsìnyí, àṣìṣe rẹ̀ pẹ̀lú. Bí a bá pa nǹkan rẹ́ lórí àkọ́kọ́, ó parẹ́ lórí rẹ̀. Àdàkọ dúró sí ibi tí a fi í sí ní ọjọ́ tí a ṣe é. Ẹni tí ó sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé "a ní ìpamọ́ kejì" kò tíì sọ èwo nínú méjèèjì ni ó ní, ọ̀gá náà kò sì tíì lè mọ̀ bóyá ìṣẹ́jú ni kí òun máa kà tàbí ọjọ́.